Èsì: Ṣóńṣó tó ń yọ ní 3 GHz

Àbúrò, o béèrè ìdí tí impedance, ìyẹn ìdènà tí iná ń bá pàdé lára ògiri páìpù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sáré gbà, fi yọ ṣóńṣó ní ìró ìgbì 3 GHz. Páìpù rẹ tó dán yẹn kọ́ ló ń gbé e sókè, bellows (ìsopọ̀ onírin oníwẹ́wẹ́ tó lè nà, tó sì lè sún kì) tó so ó pọ̀ ni. Iná tó ń bá ìdì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré lára ògiri ń yà sínú ìwẹ́ bellows, ó sì ń há síbẹ̀. Fi RF fingers, àwọn bàbà pẹlẹbẹ yẹn, bò ó láti inú.

Àmọ́ bí ìdì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ bá gùn, tí sigma rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe gùn tó) tó sẹ̀ǹtímítà 7.5, má da ara rẹ láàmú. Agbára rẹ̀ kò dé 3 GHz rárá.

Tí wẹ́dà yín n'Íjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ jó o, ní kó rọra! Bàbà náà gbọ́dọ̀ kan ojú páìpù pinpin, kó sì lè ta padà. Ní 2007, díẹ̀ lára irú bàbà bẹ́ẹ̀ ká kò sínú páìpù LHC, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú pátíkù sáré ní CERN, nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ti tutù náà móoru padà. Bọ́ọ̀lù kékeré tó ní tíransímítà ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi atẹ́gùn tì kọjá nínú páìpù láti mọ ibi tí bàbà ti dí i.