Ọmọ àrọ̀ kan náà, omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrójú. Ẹ ní ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jọ ra ọmọ àrọ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Tirẹ̀ ń jẹun, tiyín ń yọ egbò lára, wọ́n sì ń kú. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹni tó tà á fún yín ló fún yín ní ìran tí kò dáa. Ojú mi ti rí irú èyí ní Àjàṣẹ́ níbí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mi ò rò pé ìran ló fà á.

Gbogbo ẹja yẹn ló ní jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí, tó ń bá àrùn jà. Ṣùgbọ́n jíìnì kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ara ẹja ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í. Bí bakitéríà bíi Aeromonas bá gba ojú egbò wọlé, ó yẹ kí àwọn jíìnì tó ń pe ẹ̀jẹ̀ funfun jáde ṣí kíákíá. Tí ẹja bá ti ń jẹ ìyà ńkọ́, tí wọ́n kún jù, tí omi ti dọ̀tí, tí wọ́n fi alùpùpù gbé wọn wá nínú oòrùn? Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí kíndìnrín tó wà lápá orí, ìyẹn á sì tú cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìyà, sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á bá ohun tó ń gbà á lálejò dé ìdí DNA níbi tí jíìnì wà, wọ́n á sì ti púpọ̀ nínú àwọn jíìnì yẹn pa. Kíndìnrín apá orí yìí kan náà ni ẹja ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun! Tí ìyà yẹn bá jẹ́ ti wákàtí díẹ̀, ẹja á bọ́. Èyí tó bá pẹ́ ló ń pa á.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń rí i jù. Omi á tutù lóru, ara ẹja a sì máa tutù bí omi ṣe tutù, gbogbo ìjà ara rẹ̀ á falẹ̀. Nítorí náà, mi ò jẹ́ fi àwọ̀n kó ẹja láti ya ńlá kúrò lára kékeré lásìkò yẹn, ìyà ni fún wọn, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní kí èèyàn kàn da tetracycline, oògùn tó ń dènà bakitéríà, sómi. Oògùn yẹn ò lè ṣí jíìnì tí ìyà ti tì.

Ìran ṣe pàtàkì o. Ní Norway àti Scotland, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní IPN ń pa ọmọ ẹja salmon. Láti 2008 ni wọ́n ti rí i pé ibì kan lórí krómósómù 26, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA ẹja náà, ló ń pinnu púpọ̀ nínú èyí tó máa yè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìyá àti bàbá tó ní irú èyí tó ń dáàbò boni níbẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ba jíìnì kan tó wà níbẹ̀, tó ń jẹ́ nae1, jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì salmon, fáírọ́ọ̀sì náà ò sì rí ara rẹ̀ bí dáadáa mọ́. Jíìnì ẹja fúnra rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà ti ń lò! Ṣùgbọ́n àrùn kan ṣoṣo nìyẹn, mi ò sì tíì rí ọmọ àrọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa níbí tó ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi náà lónìí, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ kó òkú ẹja kúrò. Kí ẹ sì sọ fún mi: ẹja mélòó ló wà níbẹ̀, báwo ni omi náà ṣe jìn tó, ìgbà wo lẹ fi àwọ̀n kó wọn kẹ́yìn?