Ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ti bàjẹ́ kó tó dé ni?

Ìbéèrè: Òkun o, apòògùn. Bàbá mi gba abẹ́rẹ́ kòrónà tí àwọn òyìnbó fi ta wá lọ́rẹ ní 2021. Nígbà tó yá la gbọ́ pé wọ́n da irú rẹ̀ nù ní Àbújá torí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ní báyìí tí wọ́n ní ká gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, bàbá ní kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ-ọmọ òun lọ. Kí ni kí n wò? Ìyá Ọlọ́mọ, Ìsánlú.

Ìdáhùn: Òkun o, ìyá ọlọ́mọ. Ẹ bá mi kí bàbá. Òótọ́ lohun tí wọ́n gbọ́: ní December 2021, ìjọba ba abẹ́rẹ́ kòrónà AstraZeneca 1,066,214 jẹ́ ní gbangba ní Àbújá. Àmọ́ èyí tó ṣẹ́ kù tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá ni wọ́n bà jẹ́, kó má baà dé ara ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bi àwọn orílẹ̀-èdè olówó wà níbẹ̀ o. Wọ́n ti ra èyí tó pọ̀ ju iye èèyàn wọn lọ sílẹ̀, wọ́n dì í mú títí ọkàn wọn fi balẹ̀, kí wọ́n tó wá fi èyí tó ṣẹ́ kù tọrẹ. Òmíràn dé Nàìjíríà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà péré kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ọ̀nà láti Àbújá dé Lọ́kọ́ja, dé Kábà, dé Ìsánlú, kí ẹ tó wá kan àwọn abúlé! Ìdí nìyẹn tí Africa CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn nílẹ̀ Áfíríkà, àti COVAX, ètò tó ń pín abẹ́rẹ́ kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, fi sọ ní November 2021 pé ọrẹ tó bá máa wọlé gbọdọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nílẹ̀, ó kéré tán, kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá. Abẹ́rẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá kì í di májèlé, agbára rẹ̀ ló ń dínkù.

Ní ti ọmọ, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò hàn yín. Kò ní bínú, bó bá sì bínú, ẹ tún bi í. Ẹ ka ọjọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá òǹtẹ̀ róbótó tó ní igun mẹ́rin kékeré nínú, ó wà lára ọ̀pọ̀ ìgò abẹ́rẹ́ ọmọdé. Bí igun mẹ́rin náà bá ṣì funfun ju róbótó tó yí i ká lọ, ó dáa. Bí àwọ̀ wọn bá ti dọ́gba, tàbí tinú ti ṣú jù, ooru ti bà á jẹ́, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nílẹ̀ wa tí iná kì í dúró.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró títí àwọn ọmọ á fi pọ̀, ẹ má bínú: ìgò kan ń tó ọmọ púpọ̀, èyí tí wọ́n bá sì pò fún àrùn èéyi (measles) kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ.