Ẹ Yé Da Fíìdì Lé Ọmọ Edé Lórí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ní táńkì kọnkéré tuntun kan lẹ́bàá Bàdágìrì. Mo fẹ́ ra ọmọ edé òkun àti ọmọ edé odò, kí n sìn wọ́n pọ̀ láti kékeré. Ẹni tó fẹ́ tà wọ́n fún mi ní fíìdì ẹja àrọ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ, pé kí n ṣáà máa fún wọn ní àjẹṣẹ́kù, torí bí wọ́n bá ti yó, wọn ò ní jẹ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa fún wọn lóòjọ́?

Ìdáhùn: Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń ta ọmọ edé ló sì ń dá a sílẹ̀.

“Láti kékeré” wo ni ẹ ń sọ ná? Tó bá jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ni, wọn ò lè gbé omi kan náà. Ọmọ edé odò ń fẹ́ omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 12 nínú lítà kan. Omi òkun gan-an tó 35, ibẹ̀ ló sì sún mọ́ èyí tí ọmọ edé òkun ń fẹ́. Ọdún 1961 ni Shao-Wen Ling, onímọ̀ nípa ẹja, rí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ní Penang, ní Màléṣíà. Kó tó dìgbà náà, inú omi tí kò níyọ̀ ni ọmọ edé odò ń kú sí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìyànjú rẹ̀. Edé odò tiwa náà, Macrobrachium vollenhovenii, ọ̀nà ọ̀sà ni ìyá rẹ̀ máa ń gbà lọ kí ọmọ tó dàgbà. Oúnjẹ wọn ò sì dọ́gba. Ọmọ edé òkun kì í jẹ nǹkan kan nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yìn náà ló ń jẹ ewé omi tí ojú lásán kò rí, kó tó kan Artemia, kòkòrò omi iyọ̀ tín-ín-tìn-ìn. Artemia ni tedé odò fi ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Fíìdì ẹja àrọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná kò sí níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n bá ti dàgbà débi tí wọ́n ti ń rìn nísàlẹ̀ omi, ìyẹn yàtọ̀. Àwọn ará Tàílándì ń sin edé odò ńlá pọ̀ mọ́ edé òkun funfun nínú adágún tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ omi rẹ̀ dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ àjẹṣẹ́kù yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Èèpo ara edé kì í dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ó ní láti bọ́ ọ, ọmọ kékeré sì ń bọ́ ọ léraléra. Bó bá ti bọ́ ọ, ara rẹ̀ á rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, kò lè sá, kò lè jà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá kàn án nígbà náà á jẹ ẹ́, yálà ebi ń pa á tàbí kò pa á. Ajá tó yó, ṣebí ó ṣì ń gbé egungun. Mi ò jiyàn pé ebi máa ń dá kún un, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lè wò ó. Edé odò ló tún ní ẹ̀mú gígùn. Edé òkun ni ìyà máa jẹ.

Ẹ wo ohun tí àjẹkù máa ṣe. Á jẹrà nísàlẹ̀, á di amóníà, ìyẹn májèlé fún edé, á sì gba ọ́síjìn omi, pàápàá kí ilẹ̀ tó mọ́. Kọnkéré tuntun máa ń tu ẹfun sínú omi, amóníà sì máa ń burú sí i nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ara edé á ṣàárẹ̀, èyí tó bá bọ́ èèpo á kú tàbí kó di ìjẹ, ẹ̀yin á sì sọ pé oúnjẹ ò tó, ẹ á tún dà á sí i!

Ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí ni kí ẹ wá fún wọn: àwọ̀n àtijọ́, gígé páìpù, imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbẹ. Kí wọ́n má pọ̀ jù nínú táńkì, kí ẹ sì máa ṣa àwọn ńlá kúrò láàárín kéékèèké. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí tìrọ̀lẹ́ pọ̀ jù, torí òru ni wọ́n ń jẹ̀ jù. Ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ kan sísàlẹ̀ omi, ẹ bu díẹ̀ nínú oúnjẹ sí i. Bí ó bá ṣì kù níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dín in kù. Púrótéènì inú rẹ̀ kó wà láàárín 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò rí táńkì yín o, nítorí náà ẹ má fi iye wọ̀nyí ṣòfin. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò, kí ẹ sì wọn omi yín kí ẹ tó náwó. Bó bá jẹ́ irú edé ilẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ tà fún yín, ẹ bi ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja kí ẹ tó gbà á.

Fíìdì ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri, orí omi ló ń léfòó sí. Ìsàlẹ̀ ni edé ti ń jẹun, ó sì máa ń di oúnjẹ mú, á máa rún un díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń rì, tí kì í tètè yọ́, ló lè wúlò fún un. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tajà fún yín bóyá òun fúnra rẹ̀ ti sin edé rí.