Kò sí aláǹtakùn ní Mars, omi kọ́ ló sì gbẹ́ ilẹ̀ náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rí àwòrán kan lórí WhatsApp: nǹkan dúdú bí aláǹtakùn, ó pọ̀ lọ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀ Mars, pílánẹ́ẹ̀tì tó múlé ti ayé wa. Wọ́n ní ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Mo ní ibi tí yìnyín ti yọ́ tí omi sì wọ́ ilẹ̀ lọ ni. Ṣé mo tọ̀nà? Báwo ni mo ṣe lè fi hàn wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ ti di ẹni kẹrin lóṣù yìí. Ẹni tó bá ní aláǹtakùn ni, ẹ ní kó ka ẹsẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ṣì í, olùkọ́. Ẹ rò pé kí yìnyín tó di afẹ́fẹ́, àfi kó kọ́kọ́ domi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ṣí àpótí aṣọ ìyá yín wò. Káńfọ̀ funfun róbótó tí wọ́n há sáàárín ìró àti aṣọ òkè lọ́dún tó kọjá ti kéré bí ẹ̀wà báyìí; òmíràn, òórùn rẹ̀ nìkan ló kù. Ta ló rí i nígbà tó ń yọ́? Aṣọ ò rin, àpótí ò tutù.

Bí ti Mars náà ṣe rí nìyẹn. Mars ní yìnyín omi tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí à ń sọ jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta. Nígbà òtútù ní òpin gúúsù ibẹ̀, ó máa ń tutù dé nǹkan bíi −125°C, afẹ́fẹ́ náà á sì dì mọ́lẹ̀. Kó tó lè di olómi, àfi kí afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po márùn-ún bó ṣe ń tẹ àwa níhìn-ín. Ti Mars kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Níbo ló ti fẹ́ domi?

Bí oòrùn bá padà yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba inú yìnyín kọjá bíi gíláàsì, á mú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbóná díẹ̀. Abẹ́ yìnyín ló máa ń kọ́kọ́ di afẹ́fẹ́. Kò rọ́nà jáde, ó ń ti yìnyín bí ẹ̀kọ tó ń hó ṣe ń ti ọmọrí, títí yóò fi sán. Afẹ́fẹ́ á wá sáré láti ọ̀tún àti òsì lọ síbi ihò yẹn, á máa ha ilẹ̀ bó ti ń lọ. Ipa ìháhá yẹn ni ẹsẹ̀ tí ẹ rí. Òmíràn fẹ̀ tó kìlómítà kan. Eruku tó bá a tú jáde ló ń balẹ̀ bí àbàwọ́n dúdú. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ nínú ìyẹ̀wù òtútù, afẹ́fẹ́ sì tú jáde lójú wọn. Pluto, ayé kékeré kan tó jìnnà gan-an sí oòrùn, náà ní ohun tí yìnyín tó ń di afẹ́fẹ́ láìdomi gbẹ́: yìnyín mẹ́téènì (afẹ́fẹ́ kan tó dì) tó rí ṣóńṣó bí abẹ, tó ga ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ọkọ̀ òfurufú New Horizons ya àwòrán rẹ̀ ní 2015.

Fún kíláàsì, ẹ kó káńfọ̀ sínú agolo tí ẹ ò dé, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án o, kì í ṣe àwọn ọmọ, májèlé ni. Bí ẹ bá rí yìnyín kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì (dry ice) rà, ẹ má fọwọ́ lásán gbá a mú, ẹ má sì dé e mọ́ inú ìgò, yóò bẹ́. Bí ọmọ kan bá sì gbé káńfọ̀ mì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ má fún un ní epo pupa.