Àbúrò tó ń bọ̀ wá ka sẹ̀mẹ́sítà kan ní Àkọkà, má gbé Òkokomáikò

Àbúrò mi láti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, mo ka ohun tí o kọ. O ní yunifásítì rẹ fẹ́ rán ẹ wá ṣe sẹ̀mẹ́sítà kan ní Yunifásítì Èkó (UNILAG) ní Àkọkà, bàbá rẹ kékeré sì ní yàrá tó ṣófo ní Òkokomáikò tí o lè máa gbé lọ́fẹ̀ẹ́. O ń béèrè bóyá kí o gbà á, bóyá Gẹ̀ẹ́sì tí o kọ́ nílé ìwé tó, àti bóyá Èkó burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. O wá fi kún un pé ẹ̀rù ò fi bẹ́ẹ̀ bà ẹ́, torí Yorùbá ni wá, ilé la kàn ń lọ.

Ibi tí o ti ní "ilé la kàn ń lọ" yẹn ni mo ti fẹ́ dá ẹ dúró. Ọmọ Kétu ti Benin ni mí, kì í ṣe Kétu Èkó. Èmi náà wá ka sẹ̀mẹ́sítà kan ní Àkọkà yìí, iṣẹ́ ló sì dá mi padà sí Yábàá lẹ́yìn tí mo ṣe tán nílé. Ohun tí ojú mi rí ni pé Yorùbá tí a gbọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n rántí pé àlejò ni wá. Àlejò tó bá dé tí kò gbọ́ nǹkan kan, gbogbo èèyàn ló máa fà á lọ́wọ́. Wọ́n á fi ọ́fíìsì hàn án, wọ́n á bá a kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á bá a já ọkọ̀. Ìwọ, tí o bá ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ tí o ní "ẹ káàárọ̀ mà," ó ti tán, ọmọ ilé ni ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé wọ́n ti gbé kíláàsì lọ sí gbọ̀ngán míì, torí wọ́n rò pé o ti gbọ́. Ìwọ náà á sì máa ṣojú ayé, o ò ní fẹ́ béèrè. (Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn tiwa lẹ́nu rẹ, "Ègùn" ni wọ́n máa pè ẹ́. Má bá wọn jà. Lójú ọmọ Èkó, ẹni tó bá ti òdìkejì bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ wá, Ègùn ni.)

Ọ̀rọ̀ ilé wá kàn. Má gbé Òkokomáikò.

Mo gbé apá ibẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kí n tó kó wá sí Abúlé Ọjà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lórí máàpù, ọ̀nà yẹn ò tó nǹkan. Jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o ní kíláàsì aago mẹ́jọ. O ti jí kí wọ́n tó pèrun. O wọ dánfó dé Mile 2, kọndọ́ ń pariwo pé kí gbogbo yín wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín. Láti Mile 2, o tún wọ òmíì kọjá Ọ̀rílé dé Costain, bóyá kó gbé ẹ dé Yábàá, bóyá kó já ẹ sílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba pé òun ò lọ mọ́. Láti Yábàá, o wọ ọkọ̀ dé géètì Àkọkà. Ní géètì, o tún tò sórí ìlà ọkọ̀ tó ń wọ inú ọgbà. Tí tírélà kan bá dojú bolẹ̀ lọ́nà, gbogbo ètò yẹn ti dàrú. Tí o bá wá dé, àwọn tó sun ọgbà ti fi fáìlì àti ìwé gba àga sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn, ojú fèrèsé lo máa dúró sí tí wàá máa nà sókè bí ẹni tó ń wo eré láti ìta.

Wọ́n lè sọ fún ẹ pé ọkọ̀ ojú irin ti wà. Ó wà lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní September 2023, láti Marina dé Mile 2, àmọ́ kò gba Yábàá kọjá. Red Line ló ń dúró ní Yábàá, ọ̀nà Agbádó, Agége, Ìkẹjà àti Ọ̀ṣòdì ló sì ń gbà wá. Ká ní Agége ni bàbá rẹ kékeré ń gbé ni, ǹ bá ní kí o rò ó wò. Má sì retí zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà tiwa, tó máa gbé ẹ já gbogbo rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní Kútọnu. Láti June 1, 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Mainland tí Yábàá wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, dánfó, ẹsẹ̀ rẹ. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ìgbà tí kpayo, ìyẹn epo tí wọ́n ń kó gba bọ́dà, wọ́n gógó lọ́dọ̀ tiwa náà, owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré mọ́. Yàrá ọ̀fẹ́ yẹn, àwọn kọndọ́ ló máa gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Bí o ṣe máa sọ fún bàbá rẹ kékeré ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Má fẹnu ara rẹ sọ ọ́, má sì fi WhatsApp ránṣẹ́. Jẹ́ kí bàbá rẹ pè é, kó sì di ọ̀rọ̀ náà ru ilé ìwé: wọ́n ní kí ọmọ máa gbé nítòsí. Tí o bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o sun ibẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí o gbé epo pupa dání. Ẹ̀yin ará Pọ́bẹ̀ lẹ ni ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ jẹ́ epo ọjà Èkó lo máa rà fún wọn. Ìyàwó ẹ̀ ni kí o gbé e fún, kó jẹ́ ojú ọkọ. Lẹ́yìn náà, máa yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Sátidé láìjẹ́ pé ebi ló lé ẹ wá. O máa nílò rẹ̀: ẹni tó fẹ́ gba yàrá níbí, wọ́n máa bi í léèrè onídùúró, kò sì sí onídùúró tó dà bí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ.

Níbo wá ni kí o gbé? Abúlé Ọjà, Oníkẹ̀, Ìwáyà, Bàrígà tó bá di kàráǹgídá. Họ́sítẹ̀ẹ̀lì inú ọgbà ló dára jù fún ẹni tí kò ní pẹ́, àmọ́ àwọn tó ń wá a pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, nítorí náà jẹ́ kí ọ́fíìsì tó ń rán ẹ wá kọ̀wé béèrè kí o tó kúrò nílé. Onílé Èkó, owó ọdún kan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń lo oṣù mélòó kan, họ́sítẹ̀ẹ̀lì aládàáni tó ń gba owó sẹ̀mẹ́sítà ló máa wá, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní yàrá tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ dá owó. Má sì fún ajẹ́ńtì ní kọ́bọ̀ kí o tó fojú rí yàrá. Ọ̀kan gbowó lọ́wọ́ mi pé òun ń mú mi lọ wo yàrá kan lẹ́yìn Oníkẹ̀. A dé ibẹ̀, aṣọ ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ṣì ń kán tótó lórí okùn, ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ajẹ́ńtì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé wọ́n ń kó lọ.

Ọ̀rọ̀ iná, má béèrè lọ́wọ́ onílé. Obìnrin tó ń ta omi dídì níwájú ilé ni kí o bi, òun ló mọ iye wákàtí tí iná ń wà. Láti 2020 ni wọ́n ti pín àdúgbò sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, Band A ni wọ́n ní ó yẹ kó máa rí ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, àmọ́ láti April 2024 tí wọ́n ti fowó kún un, owó iná wọn ló wọ́n jù. Ohun kékeré kan tún wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: ṣájà wa tó ní ẹsẹ̀ róbótó méjì kì í wọ ihò ògiri ibí, ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin ni tiwọn. Ra àdápítọ̀ lọ́jọ́ tí o bá dé kí fóònù rẹ má kú mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ìwé àṣẹ wá ńkọ́? Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá bọ́dà, a ti mọ́ ọn lára láti máa kọjá lórí zémì láìfi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù rẹ. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ẹ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, àmọ́ tí o bá ka iye ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, ó máa kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ bi àwọn Immigration nípa káàdì olùgbé ECOWAS ní kété tí o bá ti gba lẹ́tà ilé ìwé, má dúró dìgbà tí ọjọ́ bá ti ń lọ sópin. Má sì ṣèlérí ọjọ́ ìpadà fún ẹnikẹ́ni nílé. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní February, October ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Owó: máa ṣẹ́ CFA rẹ díẹ̀díẹ̀. Owó tiwa so mọ́ euro, náírà sì ti ń lọ sókè sódò láti June 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Kí o ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn mọ́là bọ́dà, tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Ó ku Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì àwọn lẹ́kítọ̀ ò le, ìwé tí o ti kà ló wà lẹ́nu wọn. Píjìn tí wọ́n fi ń dápàárá láàárín kíláàsì ni kò ní yé ẹ, gbogbo gbọ̀ngán á máa rẹ́rìn-ín, ìwọ á máa wo ẹnu. Ó máa ń tó oṣù kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ó sì máa yà ẹ́ lẹ́nu pé o máa bá ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dá ẹ lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga, bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó yẹ kí o mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí ni course rep, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe agbẹnusọ kíláàsì. Kò sí ìkéde kankan lára ògiri tó tó ohun tó wà nínú WhatsApp rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé tẹ́ẹ̀sì wà láàárọ̀ ọ̀la. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, copie double, ìyẹn bébà ìdánwò tí a ń lò nílé, ni mo gbé wá. Lẹ́kítọ̀ wò ó, ó ní kí ni èyí? Fúlísíkáàpù ni wọ́n ń lò, wọ́n ń tà á ní ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ya tirẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní apá kan. Òun ló wá fi mí sínú ẹgbẹ́ tó ń kàwé pọ̀ lálẹ́, ibẹ̀ ni mo ti di èèyàn ní Àkọkà.

Oúnjẹ ò ní pa ẹ́. Àwọn ìyá ẹlẹ́wà agóyìn, ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá. Tí o bá fi Gùn kí wọn, wọ́n á bu ata sí i. Ti pé Èkó burú, má tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ nínú gosíló, má wọ ọkọ̀ aládàáni tó ń pe èrò lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìyókù, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun kan tí o ò béèrè ni máàkì. Níbí, 70 sókè ni A, 60 sí 69 ni B, B sì ń gba póìǹtì mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí ẹ̀ka rẹ nílé, tó ń fi máàkì sórí 20, bá ka 60 yẹn bó ṣe wà, 12 nínú 20 nìyẹn. Tí wọ́n bá ka póìǹtì, ó di 16. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa kà á, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí o tó dágbére. Kí o sì tọrọ transcript nígbà tí o ṣì wà níbí tí o lè máa lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn. Èmi ti padà sí Kétu kí n tó béèrè, ọmọbìnrin fúlísíkáàpù yẹn náà ló ń bá mi lọ síbẹ̀ léraléra títí wọ́n fi fún un.