Mo Wo Òsì, Mo Wo Ọ̀tún, Síbẹ̀ N Kò Rí Ọlọ́kadà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọkọ̀ ara mi ni mo máa ń wà lọ sí ibi iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, mo dé oríta tí mo ti fẹ́ já sí títì ńlá. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún, ọ̀nà mọ́, mo sì wọ títì. Àfi gbàà! Mo ti kọlu ọlọ́kadà kan. Orí kó o yọ, ẹsẹ̀ nìkan ni ó fi ṣèṣe díẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní gbangba ni ó ti ń bọ̀, wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa pé mo wò. Mo wò o. Ṣé ojú mi ló ti ń bàjẹ́ ni? Kí ni mo lè ṣe kó má bàa tún ṣẹlẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, ẹ sì kú orí ire. Mo gbà yín gbọ́ pé ẹ wò. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ jìnnà, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú, nítorí pé àrùn glaucoma máa ń gba ẹ̀gbẹ̀ẹ̀gbẹ́ ìríran lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ní in lè máa ka ìwé geere, kó má sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò hàn sí òun mọ́. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ojú yín dá ṣáṣá, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni kí a wá ìdí ọ̀rọ̀ sí.

Ẹ na apá yín jáde gbọọrọ, kí ẹ sì wo èékánná àtàǹpàkò yín. Ibi tí ojú ti ń ríran kedere kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná yẹn lọ. Kí a tó lè mọ ohun tó wà níwájú wa, àfi kí ojú máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn, nǹkan bí ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọpọlọ a sì máa dín ìríran kù ní àkókò tí ojú bá ń fò kí ayé má bàa máa yí lójú wa. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá yí orí wéré láti òsì sí ọ̀tún, ojú rẹ̀ lè fo ibi tí ọ̀kadà wà, kí ọpọlọ sì parí àwòrán náà fún un bí ẹni pé títì ṣófo.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí bí ọpọlọ ṣe ń ṣe é. Ẹ fa àgbélébùú kékeré kan sórí bébà funfun, kí ẹ fi àmì dúdú roboto sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí i. Ẹ di ojú òsì, ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú, kí ẹ sì máa sún bébà náà mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, àmì náà yóò pòórá. Ẹ kò ní rí ihò níbẹ̀ o. Bébà funfun ni ẹ ó rí. Ibi tí iṣan ojú ti ń jáde lọ sí ọpọlọ kò lè gba ìmọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Edme Mariotte, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàwárí ní nǹkan bí ọdún 1660. Ọpọlọ ló fi ohun tó yí i ká dí àlàfo náà, kò sì sọ fún wa.

Àmọ́ lójú tèmi, èyí tó kàn yín jù ni ti àfiyèsí. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn méjì, Daniel Simons àti Christopher Chabris, ní kí àwọn ènìyàn wo fídíò kan, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí àwọn tó wọ aṣọ funfun ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn. Ẹnì kan tó gbé awọ ìnàkí wọ̀ rìn wọ àárín wọn, ó lu àyà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kà kò rí i rárá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nítorí wọn kò mọṣẹ́ ni: ní ọdún 2013, Trafton Drew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ìnàkí sínú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn dókítà tó ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń yẹ̀ wò láti wá kókó jẹjẹrẹ. Nínú àwọn dókítà 24, 20 kò rí ìnàkí náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń tọ ipa ojú fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn ni ojú wọn bà lé e gan-an. Kókó ni wọ́n ń wá, kókó ni ọpọlọ wọn sì la ọ̀nà fún.

Steven Most àti Robert Astur gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí títì ní ọdún 2007. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wa ọkọ̀ inú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa tẹ̀lé ọfà aláwọ̀ kan ní oríta kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí alùpùpù kan ṣàdédé já sí iwájú wọn, àwọn tí àwọ̀ alùpùpù náà yàtọ̀ sí ti ọfà tí wọ́n ń wá kọlù ú ju àwọn tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ọfà wọn mu. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò àti dáńfó ni ọkàn yín ń ṣọ́ ní oríta yẹn, ọ̀kadà ti di àlejò tí a kò retí. Ó tún kéré, ohun tó bá sì kéré máa ń dà bí ẹni pé ó ṣì jìnnà ju bó ti rí lọ. Kódà, irin tó gbé gíláàsì iwájú ró lè bo ọ̀kadà mọ́lẹ̀ pátápátá.

Èyí kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn awakọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé ọpọlọ ń ṣe báyìí gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ bí ẹni tó mọ̀. Ẹ dúró pátápátá ní oríta. Ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ tún wo òsì, kí ojú sì dúró díẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ní àárín àti nítòsí dípò kó kàn gbá kọjá. Ẹ tẹ orí síwájú kí ẹ lè rí ẹ̀yìn irin yẹn. Ẹ sì bi ara yín léèrè lẹ́nu ketekete pé, "Ọ̀kadà dà?", nítorí pé ohun tí ẹ bá ń wá ni ọpọlọ yóò ṣí ọ̀nà fún.

Ní ti fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọwọ́ kò bá ti dì í mú, kò séwu. Ìwádìí David Strayer àti William Johnston ní ọdún 2001 kò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó di fóònù mú àti àwọn tí kò fọwọ́ kàn án: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ló gba àfiyèsí wọn. Bí ìpè náà bá ṣe pàtàkì, ẹ yà sẹ́bàá títì níbi tí kò léwu, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ tó gbé e.