Ìyá Ìbejì Nìkan Ló Ṣì Ń Wá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí n'Íbàdàn. Awakọ̀ ni ọkọ mi kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àga ò gba èrò nílé wa. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ gbé ìrẹsì wá, ẹgbẹ́ ọkùnrin dáwó. Màmá kan tiẹ̀ ní kí ọkọ mi jẹ́wọ́ ohun tó ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ní báyìí, Ìyá Ìbejì nìkan ló ṣì ń wá, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á fọ aṣọ orí ibùsùn, á ká èyí tó ti gbẹ, á jókòó díẹ̀, á lọ. Ojú ń tì mí, Màmá. Òun nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀lùbọ́ tó ń tà kò sì yá mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo purọ́ fún un pé a ò ní sí nílé. Ṣé kí n jẹ́ kó sinmi? Ẹ̀ẹ̀kejì, inú ń bí mi sí ìjọ wa débi pé mo fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní "ó ti dára," ṣe ló ń ṣe mí bíi kí n pariwo. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Olúwa á gbé ọkọ rẹ dìde. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ àdúrà yìí títí ó fi sú ọ, nítorí náà mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní tún un ṣe mọ́ títí n ó fi dáhùn tán.

Irọ́ tí o pa fún Ìyá Ìbejì ni ká kọ́kọ́ mú. Pè é lónìí. Sọ fún un pé irọ́ ni, pé ojú ló tì ọ́. Má rojọ́ gígùn.

Ìdí tí mo fi ń yára báyìí ni pé èmi náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni rere síta rí. Lọ́dún 1997, mo pàdánù ọmọ mi kejì. Àwọn ológun ló wà lórí oyè, epo bẹntiróòlù ò sí, ọkọ̀ wọ́n lójú pópó bí ojú. Ẹlẹ́kọ kan wà tí a jọ ń kọrin nínú kọ́yà. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àdó wá sílé mi ní Odò-Ọnà. Mo gbọ́ tó ń kanlẹ̀kùn, mi ò dáhùn. Ó gbé ẹ̀kọ sí ojú fèrèsé, ó yíjú padà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bóyá nítorí ìtìjú ẹ̀kọ tó ti ń tò jọ, mo ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó parí síbẹ̀. Ó rí ẹ̀wà nínú atẹ tí mo ti gbé kalẹ̀ láti ìgbà wo, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta inú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bá a ṣa á. A ṣa ẹ̀wà yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀wà tí kò ju kóńgò kan lọ. Mo jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó tó ọdún mẹ́ta kó tó sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ òun kó ẹrù jáde nílé. Ibikíbi tó bá lọ, wọn á bi í léèrè. Ilé mi nìkan ni kò ti sí ẹni tó ní agbára àtibéèrè ohunkóhun. Èmi tí mo ti ń rò pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè!

Ǹjẹ́ o mọ̀ bóyá ilé tìrẹ ni Ìyá Ìbejì ti ń rí àyè mí? Bi í. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á sọ, àgbàlagbà ni. Má bá a pinnu. Kó o sì máa ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iye tó ń tà á fún ará ọjà ni kó o san.

Ní ti ìbínú rẹ, mi ò ní pè é lẹ́ṣẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ yẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run sì bínú sí wọn. Màmá tó ní kí ọkọ rẹ jẹ́wọ́, Bíbélì ti dá a lóhùn, ìwọ má wulẹ̀ dá a lóhùn mọ́.

Àwọn yòókù ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ìjọ wa mọ ìsọmọlórúkọ ṣe, ó mọ ìsìnkú ṣe, torí àwọn yẹn ní ọjọ́. Àìsàn tí kò ní ọjọ́ tó máa parí, kò sí aṣọ ẹgbẹ́ fún un. Wọn ò mọ ohun tí wọn á gbé wá, ni ojú bá ń tì wọ́n, bí ojú ṣe ń tì ọ́.

Nítorí náà, dárúkọ ohun tí o fẹ́. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n ní Róòmù, Démà ti sá lọ, Lúùkù nìkan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò kọ ọ́ sí Tímótì pé kí wọ́n ṣáà máa rántí òun. Ó ní kó bá òun mú aṣọ òtútù tóun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, àti àwọn ìwé, kó sì tètè dé kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà, sọ fún ìyá ẹgbẹ́ pé o ń wá ẹnìkan láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá lọ́jọ́ Sátidé, kí o lè lọ sọ́jà. Bí ọkọ rẹ kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, ó yẹ kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn, iṣẹ́ yẹn sì le fún ènìyàn kan. Ẹni tó bá kọ̀, o mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wo bí nǹkan ṣe rí títí di Kérésìmesì kó o tó sọ̀rọ̀ àtikúrò. Kí ìwọ náà sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tí o ò béèrè ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, ta ni ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ? Awakọ̀ tó ti ń bá èrò ṣàwàdà látàárọ̀ dalẹ́ ń wo àjà báyìí. Ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń wakọ̀, kó wá sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún un. Ọ̀rọ̀ tí kò já geere kò ní kó má gbọ́ ọ.

Mo sì ti rí aláìsàn rọpárọsẹ̀ tí kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá orin tó mọ̀ láti kékeré, á gbè é, ọ̀rọ̀ á sì jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ìwọ àti Ìyá Ìbejì bá ń ká aṣọ, ẹ dá ọ̀kan, ẹ rọra kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì máa wo ẹnu rẹ̀. Kọ̀wé sí mi bó bá gbè é, kí n mọ orin tó jẹ́.